Ọjọ́ Àìkú Màmá ní Istanbul

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ìrọ̀lẹ́ ni a balẹ̀. Àwa márùn-ún la jọ wá: èmi, bàbá àwọn ọmọ, àkọ́bí wa obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 13, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 7, àti ìyá ọkọ mi tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá. Màmá ti di ẹni ọdún 71. Orúnkún wọn ọ̀tún kì í jẹ́ kí wọ́n rìn jìnnà, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò ní jókòó sílé kí a wá máa fi fọ́tò han àwọn.

Pápákọ̀ òfurufú wọn jìnnà sí ìgboro, ó tó nǹkan bíi 40 kìlómítà, lápá ibi tí Òkun Dúdú wà. Kí a tó dé hòtẹ́ẹ̀lì wa ní Sirkeci, ilẹ̀ ti ṣú. A mu ọbẹ̀ ẹ̀wà pupa wẹ́wẹ́ tí wọ́n fún ọsàn kíkan sí, a sì sùn fọnfọn.

Ọjọ́rú

Àdúgbò Sultanahmet ni a kọ́kọ́ lọ. Ìlà tó wà níwájú Ayasofya ti ká kọ́rọ́kọ́rọ́ káàkiri àgbàlá kí a tó dé. Bí a ṣe ń sún díẹ̀díẹ̀ ni àkọ́bí mi ń ka ìtàn ibẹ̀ sí wa létí látinú fóònù rẹ̀: pé ọdún 537 ni wọ́n kọ́ ọ parí láyé Ọba Justinian, pé ṣọ́ọ̀ṣì ni fún ohun tó lé ní 900 ọdún, pé nígbà tí àwọn Tọ́kì Ottoman gba ìlú náà ní 1453 ni ó di mọ́ṣáláṣí, pé ní 1934 wọ́n sọ ọ́ di ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, 2020 sì ni wọ́n dá a padà sí mọ́ṣáláṣí.

Màmá wo gígùn ìlà náà, wọ́n wo ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ní, "Ẹ máa lọ. Ẹ kó báàgì yín fún mi, ibí yìí tẹ́ mi lọ́rùn." Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan láàárín Ayasofya àti Mọ́ṣáláṣí Sultanahmet. Nígbà tí a fi máa jáde, ológbò kan ti sùn sórí etí ìborùn wọn, wọn ò sì fẹ́ mira kí ó má baà jí. Ológbò pọ̀ nílùú yìí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ẹnikẹ́ni kì í lé wọn, àwọn ọlọ́jà a sì máa gbé omi àti oúnjẹ kalẹ̀ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀.

Lọ́sàn-án, a sọ̀ kalẹ̀ sí Yerebatan, ibi tí wọ́n ń tọ́jú omi sí lábẹ́ ilẹ̀ láyé àtijọ́. Òpó 336 ló gbé òrùlé rẹ̀ dúró. Nísàlẹ̀ méjì nínú wọn, orí òkúta ńlá ló wà níbẹ̀, orí obìnrin tí irun rẹ̀ jẹ́ ejò: wọ́n dorí ọ̀kan kodò, wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ èkejì lélẹ̀. Ọmọkùnrin mi ò fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ èyí tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ ò bá orúnkún Màmá mu, nítorí náà wọ́n tún dúró dè wá lókè.

Ọjọ́bọ̀

A wọ ọkọ̀ ojú omi láti Eminönü lọ sí Kadıköy. Bíi 20 ìṣẹ́jú péré ni, o sì ti kúrò ní Yúróòpù bọ́ sí Éṣíà. Afẹ́fẹ́ pọ̀, òtútù mú, nítorí náà inú yàrá ìsàlẹ̀ ni Màmá jókòó sí pẹ̀lú ẹrù. Àwọn ọmọ wà lókè pẹ̀lú bàbá wọn, wọ́n ń ju simit sí àwọn ẹyẹ òkun. Simit ni búrẹ́dì roboto tó ní ihò láàárín, tí wọ́n fi yànmọ̀tí bò lára. Lójoojúmọ́ la jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì

Màmá ti sọ kí a tó kúrò nílé pé bí àwọn ò bá rí nǹkan kan mìíràn, kí àwọn ṣáà kírun Jímọ̀ọ̀ ní Süleymaniye. Orí òkè ló wà, a gba takisí dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gbẹ́ni Sinan, àgbà ọ̀mọ̀lé àwọn Ottoman, ló kọ́ ọ fún Sultan Süleyman. 1557 ni wọ́n parí rẹ̀. Èmi àti Màmá wà lápá àwọn obìnrin. Nígbà tí lèmọ́ọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí ka Kùránì, mo rí i tí wọ́n pa ojú dé, tí ẹnu wọn ń bá a lọ, ọ̀rọ̀ kan ò sì yẹ̀. Wọn ò gbọ́ èdè Tọ́kì, ṣùgbọ́n níbẹ̀, kò sóhun tí wọn ò gbọ́. Ìyá arúgbó kan tó jókòó tì wọ́n di ọwọ́ wọn mú lẹ́yìn ìrun, ó sọ̀rọ̀ púpọ̀, Màmá sì ń dáhùn "Àmín" sí gbogbo rẹ̀.

Lẹ́yìn náà a mu tíì. Ife gíláàsì kékeré tó fún ní ìbàdí ni wọ́n fi ń bù ú, kò sì ní ọwọ́, etí rẹ̀ lókè ni wọ́n ń mú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Àdúgbò Beyoğlu ló kàn. A wọ Tünel gòkè, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ kékeré tí wọ́n ti ń lò láti 1875. Ti London nìkan ló ṣáájú rẹ̀ ní gbogbo ayé. Ojú pópó İstiklal la bọ́ sí, ẹ̀rù sì bà mí níbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Èèyàn tó ń gbé ìlú yìí lé ní mílíọ̀nù 15, ó sì jọ pé ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta ni gbogbo wọn ń pàdé níbẹ̀. Èèyàn ń bọ̀ bí ìgbà tí omi ya, orí nìkan lò ń rí.

Mo fa ọmọkùnrin mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo fún un lófin: "Bí o bá wò ọ̀tún wò òsì tí o ò rí wa, má ṣe wá wa. Dúró sí ojú kan náà. Àwa la máa wá ọ." Mo fi káàdì hòtẹ́ẹ̀lì sí àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Màmá ti rẹ̀ nígbà náà, wọ́n ti jókòó sí ilé tíì kan lẹ́bàá Ilé Ìṣọ́ Galata, wọ́n ń ṣọ́ jákẹ́ẹ̀tì wa.

Ọjọ́ Àìkú

Ọjọ́ tí a ó padà. Aago méje ààbọ̀ alẹ́ ni bàálù wa yóò gbéra, nítorí náà aago mẹ́ta ọ̀sán ni a gbọ́dọ̀ kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì. A di ẹrù tán kí aago mẹ́jọ tó lù, a kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìsàlẹ̀ kí wọ́n bá wa tọ́jú rẹ̀, a jáde.

Èmi ni mo ṣètò pé kí a fi ọjà rírà sí ọjọ́ tó kẹ́yìn, kí a má baà máa ru ẹrù kiri láti ọjọ́ kìíní. Kapalıçarşı ni mo ní lọ́kàn, ọjà ńlá tó ti wà láti sẹ́ńtúrì kẹẹ̀ẹ́dógún, tí òrùlé bò látòkè délẹ̀, tí ìsọ̀ inú rẹ̀ tó nǹkan bíi 4,000. A wọ tráàmù dé Beyazıt. Ẹnu ọ̀nà tì. A yí lọ sí ẹnu ọ̀nà kejì, òun náà tì. Bàbá kan tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ wò wá, ó ní: "Pazar. Kapalı."

Àkọ́bí mi wò ó nínú fóònù, ó wá túmọ̀ rẹ̀ fún wa. "Pazar" ni wọ́n ń pe ọjọ́ Àìkú, òun náà sì ni wọ́n ń pe ọjà. "Kapalı" túmọ̀ sí ohun tí a bò, ó sì tún túmọ̀ sí ohun tí a tì. Ọjà tí a bò, tí a tì lọ́jọ́ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ọjà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa lọ, ọjọ́ Àìkú kọ́ ni kí ẹ fi sí.

A dúró níwájú ilẹ̀kùn náà, oníkálùkù sì bẹ̀rẹ̀ sí fa ọjọ́ sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Bàbá wọn fẹ́ kí a padà sí Ilé Ìṣọ́ Galata kí a gùn ún, torí pé ìlà ò jẹ́ kí a gùn ún lánàá. Àkọ́bí fẹ́ ra aṣọ. Àbúrò rẹ̀ fẹ́ padà lọ wo orí ejò. Èmi náà ń ṣírò bóyá a lè ṣe méjì pọ̀ kí aago mẹ́ta tó lù. Màmá fi ọwọ́ ti ògiri, wọn ò sọ nǹkan kan. Mo bi wọ́n léèrè:

"Màmá, ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ fẹ́ rí?"

"Ẹ máa ṣe tiyín, ìyàwó mi."

"Rárá o, Màmá. Ẹ sọ fún wa."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ọkọ̀ ojú omi yẹn. Lọ́jọ́ tí a wọ̀ ọ́, ẹ̀yìn gíláàsì ni mo wà, gíláàsì ọ̀hún sì ti fọ́jú. Mo ń gbọ́ tí àwọn ọmọ ń pariwo lókè, mo ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n n ò mọ ohun tí wọ́n rí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ka ọjọ́ nínú ọkàn mi. Lọ́jọ́rú, bẹ́ǹṣì àti báàgì. Lọ́jọ́bọ̀, yàrá ìsàlẹ̀ àti báàgì. Lánàá, ilé tíì àti jákẹ́ẹ̀tì. A ti gbé ìyá yìí la òfurufú kọjá, a sì fi wọ́n ṣe olùṣọ́ ẹrù. Yàtọ̀ sí ọjọ́ Jímọ̀ọ̀, kò sí ọjọ́ kan tí a rìn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ tiwọn. Mo wo ọkọ mi, mo rí i pé òun náà ń ka ọjọ́ ọ̀hún. Ó gba báàgì ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé e kọ́ èjìká ara rẹ̀. Ó ní, "Eminönü ni à ń lọ."

Ẹni tó bá mọ Eminönü lọ́jọ́ Àìkú mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Afárá Galata kún fún àwọn apẹja tó to ìwọ̀ wọn sára irin afárá bí ọgbà igi. Tráàmù ń já èèyàn sílẹ̀, bọ́ọ̀sì ń já èèyàn sílẹ̀, ọkọ̀ ojú omi ń tú èèyàn jáde, gbogbo wọn sì fẹ́ gba ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ kan náà kọjá lábẹ́ títì. Ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀ ti di ọjà: ìbọ̀sẹ̀, ẹ̀rọ fóònù, agboòrùn, àti àwọn nǹkan ìṣeré ọmọdé tó ń gbó, tó ń yí, tó ń tan iná lórí ilẹ̀.

Ọmọkùnrin mi wà ní ọwọ́ ọ̀tún mi. Nígbà tí a dé ìdí àtẹ̀gùn tó jáde sí etí omi, ẹsẹ̀ Màmá yẹ̀ díẹ̀. Mo jù ú sílẹ̀ kí n lè fi ọwọ́ méjèèjì mú wọn. A gòkè díẹ̀díẹ̀, a ń sinmi lórí àtẹ̀gùn, èèyàn ń ya wá lọ́tùn-ún lósì. A dé òkè. Mo rò pé ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló wà. Bàbá rẹ̀ rò pé ọwọ́ mi ló wà.

Mi ò ní lè ṣàpèjúwe ohun tó ṣe inú mi nígbà tí ojú àwa méjèèjì pàdé. Ẹsẹ̀ mi di omi. Mo pe orúkọ rẹ̀, ariwo ọkọ̀ gbé ohùn mi mì. Mo fẹ́ sáré, n ò mọ apá ibi tí mo fẹ́ sá sí. Gbogbo ọmọ tó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé ló jọ òun. Àkọ́bí mi ti bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Màmá nìkan ni kò pariwo. Wọ́n jókòó sórí irin tó wà níbẹ̀, wọ́n di àkọ́bí mọ́ra, wọ́n sì sọ fún ọmọ wọn:

"Padà sí ibi tí ẹ ti rí i kẹ́yìn. Ṣebí ẹ ti ní kó má kúrò lójú kan? Ẹ̀yin náà ẹ má wá a káàkiri. Lọ tààrà."

Ó sáré sọ̀ kalẹ̀. Èmi dúró lókè àtẹ̀gùn, ojú mi ò kúrò lára ẹnikẹ́ni tó bá jáde. Bóyá ló tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tẹ̀sùbáà ń kọjá láàárín ìka Màmá, mò ń gbọ́ ìró rẹ̀ láàárín gbogbo ariwo yẹn.

Ìdí àwọn ajá onírọ́bà tó ń gbó ló ti bá a. Nígbà tí mo jù ú sílẹ̀ ló yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti wò wọ́n; nígbà tó gbójú sókè tí kò rí wa, ó ṣe ohun tí a ní kó ṣe. Kò rìn. Ó yọ káàdì hòtẹ́ẹ̀lì, ó dì í mú. Ọkùnrin tó ń ta ajá náà ti rí i, ó ti gbé e jókòó sórí àpótí ara rẹ̀ lẹ́yìn àtẹ, kí èrò má baà tì í ṣubú, ó sì dúró tì í. Ọmọ náà ò sunkún títí tó fi rí bàbá rẹ̀.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn. Ọ̀rọ̀ Tọ́kì tí mo mọ̀ kò ju mẹ́rin lọ, mo sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo gbé ọwọ́ lé àyà bí mo ṣe rí i tí àwọn náà ń ṣe é. Ọkùnrin náà fọwọ́ kan orí ọmọ mi, ó ní "Maşallah", ó sì yíjú padà sí ọjà rẹ̀. Ọkọ mi fẹ́ fún un lówó, kò gbà á. A wá ra ajá kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba owó ajá, ó sì ka ṣéńjì wa pé lé wa lọ́wọ́.

Ọkọ mi ní kí a máa padà sí hòtẹ́ẹ̀lì. Kí n má purọ́, ohun tí èmi náà fẹ́ nìyẹn: kí n wọ yàrá kan tó ní ilẹ̀kùn, kí n tì í. Ọmọ náà ló gbójú sókè, omijé ò tíì gbẹ lójú rẹ̀:

"Ṣé a ò ní fún àwọn ẹyẹ ní búrẹ́dì mọ́ ni? Màmá àgbà ò tíì rí wọn."

A ra simit mẹ́rin. A fi káàdì ọkọ̀ wọlé, a sì wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Kadıköy.

Àtẹ̀gùn inú ọkọ̀ náà ga. Èmi wà níwájú, ọkọ mi wà lẹ́yìn, Màmá wà láàárín. Wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ òsì ṣáájú, wọ́n ń fa ọ̀tún tẹ̀ lé e, àwọn èèyàn tó wà lẹ́yìn wa sì dúró, kò sẹ́ni tó kanra. Nígbà tí a jáde síta, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì dìde lórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ irin, wọ́n fi ọwọ́ hàn án pé kí Màmá jókòó síbẹ̀. Oòrùn wà, afẹ́fẹ́ ò le bíi ti Ọjọ́bọ̀.

Ọkọ̀ fọn fèrè, ó kúrò létí omi. Àwọn ẹyẹ ti dé kí a tó fa búrẹ́dì yọ. Funfun ni wọ́n, ìyẹ́ wọn ní àwọ̀ eérú, wọ́n á dúró sójú kan nínú afẹ́fẹ́, wọn ò ní ju ìyẹ́ rárá, wọ́n á kàn máa wò ọ́ lójú bí ẹni pé o jẹ wọ́n ní gbèsè. Ọmọkùnrin mi kọ́ Màmá bí wọ́n ṣe ń jù ú: má jù ú sí ẹyẹ, jù ú sókè. Èkínní tí Màmá jù bọ́ sómi. Èkejì, ẹyẹ kan ré kọjá, ó gbà á lẹ́nu afẹ́fẹ́. Màmá pariwo! N ò tíì gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn rí láti ọdún 15 tí mo ti wọ ilé wọn.

Lẹ́yìn náà wọ́n gbàgbé ẹyẹ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wo ìlú. Mọ́ṣáláṣí Süleymaniye yọ lórí òkè rẹ̀, wọ́n na ìka sí i: "Ibẹ̀ yẹn ni mo ti kírun. Ibẹ̀ yẹn gan-an!" Ilé Ìṣọ́ Galata wà lódìkejì. Bí ọkọ̀ ṣe yí ká orí ilẹ̀ tí ààfin Topkapı wà, Ayasofya jáde, ó pupa díẹ̀ nínú oòrùn, Sultanahmet sì jáde lẹ́yìn rẹ̀. Màmá ka àwọn ilé gogoro rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, "ọ̀kan, méjì, mẹ́ta…" títí wọ́n fi dé mẹ́fà, wọ́n sì tún un kà. Wọ́n ti jókòó sí ìdí rẹ̀ fún wákàtí méjì lọ́jọ́rú, wọn ò mọ̀ pé mẹ́fà ni.

Ọkùnrin tó ń gbé tíì kiri dé pẹ̀lú àwo rẹ̀. Màmá mú méjì. Wọ́n bi mí léèrè ibi tí Yúróòpù ti parí tí Éṣíà ti bẹ̀rẹ̀, mo fi omi hàn wọ́n. Wọ́n wo omi náà pẹ́. Kız Kulesi, ilé kékeré tó dá dúró láàárín omi, kọjá lápá òsì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ibùdó ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ Haydarpaşa tó tẹ ẹsẹ̀ bọ etí òkun. A dé Kadıköy. A bọ́ sílẹ̀, a fi káàdì wọlé padà, a tún wọ ọkọ̀ míì bọ̀. Màmá ní ẹ̀gbẹ́ kejì ni àwọn fẹ́ jókòó sí báyìí, kí àwọn lè rí ìyókù.

Aago méjì ku díẹ̀ ni a padà dé Eminönü. Ọjà Mísírì, tí wọ́n ti ń ta èròjà ọbẹ̀ láti sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún, kò tì. A sáré wọ ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú: lókúmù tó jẹ́ àdídùn wọn, tíì, ẹ̀fọ́ gbígbẹ olóòórùn dídùn tí n ò mọ orúkọ rẹ̀, ìborùn méjì fún àkọ́bí. Ọmọkùnrin mi wà lórí èjìká bàbá rẹ̀ ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú yẹn.

Ọkọ̀ ńlá kan ló gbé wa lọ sí pápákọ̀. Màmá sùn lójú ọ̀nà. Níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò, ajá onírọ́bà bẹ̀rẹ̀ sí gbó nínú báàgì mi, òṣìṣẹ́ obìnrin tó wà níbẹ̀ yọ ọ́ jáde, ó pa á, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọmọ mi, ó dá a padà fún un.

Ó ku bíi wákàtí kan kí wọ́n pè wá wọ bàálù. Ebi ti ń pa wá, oúnjẹ ibẹ̀ sì wọ́n. Màmá gbé ìborùn wọn sórí ẹsẹ̀, wọ́n tú kókó etí rẹ̀. Odindi simit kan ló wà níbẹ̀, èyí tó yẹ kí ẹyẹ jẹ. Wọ́n pín in sí márùn-ún. Yànmọ̀tí tó já sílẹ̀, wọ́n fi ìka kó o jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi sẹ́nu.